Ṣéènì-wíìlì tí kò rí kìrìbìtì àti orúnkún ẹni tó ń gun òkè Ìbàdàn: ìrírí mi

Ẹni tó bá ń gun kẹ̀kẹ́ ní Ìbàdàn kò lè sá fún òkè. Láti Dùgbẹ̀ sí Mọ́kọ́lá, láti Ọjà Ọba sí Mápó, láti Bẹẹrẹ lọ sí Òkè Àrẹ, ilẹ̀ ò tẹ́jú, orúnkún ló sì ń jìyà rẹ̀. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo máa ń gbọ́ jù nípa ṣéènì-wíìlì gbọọrọ, ìyẹn irin eléyín iwájú tí pẹ́dàlì ń yí láti fa ṣéènì, tí wọ́n ṣe bí ẹyin dípò kìrìbìtì: ṣé á wo orúnkún sàn? Kò ní í wò ó sàn. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń mú kí ìtẹ̀ fúyẹ́ níbi tí orúnkún ti ká jù, kó wá wúwo díẹ̀ níbi tí orúnkún ti bẹ̀rẹ̀ sí í nà. Ẹni tí kẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti bá ara rẹ̀ mu tẹ́lẹ̀ máa ń jẹ adùn rẹ̀ dáadáa. Ẹni tí ìjókòó kẹ̀kẹ́ rẹ̀ kúrú jù, tàbí tó ń fi jíà líle gun òkè, owó ló ná dànù.

Ẹ dúró sí apá ọ̀tún kẹ̀kẹ́, kí ẹ wá wo ìyípo pẹ́dàlì bí ojú aago. Nígbà tí pẹ́dàlì bá wà ní aago méjìlá tàbí aago mẹ́fà, kò sí bí ẹ ṣe lè tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ tó tí agbára gidi á fi dé ara ṣéènì, torí pé kíráǹkì, apá irin tó gbé pẹ́dàlì dání, nàró, ìtẹ̀ yín kò sì yí i. Láti nǹkan bí aago méjì sí aago márùn-ún ni ẹsẹ̀ ti ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀. Ṣéènì-wíìlì kìrìbìtì ò mọ ìyàtọ̀ láàárín ibi méjèèjì, bákan náà ló ń wúwo yípo. Ti gbọọrọ á kéré nígbà tí ẹsẹ̀ bá ń kọjá lókè, á sì tóbi jù nígbà tí pẹ́dàlì bá kọjá aago mẹ́ta díẹ̀, bí aago mẹ́ta àbọ̀. Èyí tó ní eyín 34, tí gígùn rẹ̀ fi nǹkan bí ìdá mẹ́wàá sí méjìlá nínú ọgọ́rùn-ún ju ìbú rẹ̀ lọ, á ṣe bí eyín 32 lókè, á sì ṣe bí 36 níbi ìtẹ̀. Iye eyín kò yí padà o. Ibi tí 34 kìrìbìtì ń gbé yín dé bí ẹ bá yí pẹ́dàlì lẹ́ẹ̀kan, ibẹ̀ náà ni 34 gbọọrọ á gbé yín dé.

Orúnkún máa ń ká jù nígbà tí pẹ́dàlì bá wà lókè pátápátá. Bí a bá ki agbára bọ̀ ọ́ níbẹ̀, iṣan iwájú itan á fa egungun kékeré tó bo ojú orúnkún mọ́ egungun itan. Bí orúnkún bá ṣe ká tó ni ìfúnpọ̀ yẹn ṣe ń le tó. Ẹ ò ní í mọ̀ ọ́n bí ẹ bá ń sáré lórí ilẹ̀ títẹ́jú. Àárín òkè ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀, nígbà tí Micra bá já síwájú yín láti gbé èrò, tí ẹ dúró, tí ẹ sì tún ní láti gbéra. Kẹ̀kẹ́ ò ní eré lára mọ́, pẹ́dàlì á fẹ́ kú sí aago méjìlá, orúnkún lẹ á sì fi gbà á sílẹ̀. Níbẹ̀ gan-an ni ṣéènì-wíìlì gbọọrọ ti ń sanwó ara rẹ̀ padà: ẹsẹ̀ á yára kọjá ibi tí kò ti lágbára, ìfà-jánjan tí à ń mọ̀ nídìí orúnkún á sì dínkù.

Ṣùgbọ́n òkè ò kúrú sí i. Ìwúwo tí a mú kúrò lókè, aago mẹ́ta àbọ̀ la gbé e lọ. Ẹni tí jíà rẹ̀ ti le jù tẹ́lẹ̀ á bá a níbẹ̀, á sì le ju ti àtẹ̀yìnwá lọ. Àwọn oníwádìí tó ti wọn àwọn ṣéènì-wíìlì wọ̀nyí náà ò fẹnu kò. Ìyàtọ̀ tí wọ́n ń rí nínú eré sábà máa ń kéré. Bradley Wiggins fi Osymetric, irú ṣéènì-wíìlì gbọọrọ kan, gba Tour de France, ìdíje kẹ̀kẹ́ ńlá ilẹ̀ Faransé, ní 2012, Chris Froome tí wọ́n bí ní Nairobi náà lo irú rẹ̀ nígbà tó gbà á ní 2013, síbẹ̀ ọ̀pọ̀ tó ti gba ìdíje yẹn, kìrìbìtì ni wọ́n lò. Ẹ má rà á tìtorí eré.

Kí ẹnikẹ́ni tó mú owó jáde, kó kọ́kọ́ wọn ìjókòó. Ẹ bọ́ bàtà, ẹ fẹ̀yìn ti ògiri, ẹ fi ìwé líle kan há àárín itan kó kan abẹ́ yín dáadáa bí ẹni tó jókòó lé e, kí ẹnìkan wá wọn láti ilẹ̀ dé orí ìwé náà. Ẹ sọ iye yẹn di ìlọ́po 0.883. Ẹni tó bá rí sẹ̀ǹtímítà 80, 70.6 ni tirẹ̀: ìyẹn ni ó yẹ kó wà láti àárín ìdí kíráǹkì dé orí ìjókòó, bí a bá wọ̀n ọ́n ní ìtẹ̀lé ọ̀pá ìjókòó. Ìbẹ̀rẹ̀ lásán nìyẹn. Ẹ gun kẹ̀kẹ́, ẹ fara ti ògiri, ẹ gbé gìgísẹ̀ lé pẹ́dàlì tó wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹsẹ̀ gbọ́dọ̀ nà tán láìjẹ́ pé ìdí yín ń fì sí ẹ̀gbẹ́ kan. Bí ẹ bá wá gbé iwájú àtẹ́lẹsẹ̀ lé pẹ́dàlì náà, orúnkún á ká díẹ̀, bíi ìwọ̀n 25 sí 35 lórí ohun tí àwọn ọmọ ilé-ìwé fi ń wọn igun. Mìlímítà márùn-ún márùn-ún ni kí ẹ máa fi gbé e sókè tàbí sọ̀ ọ́ kalẹ̀, kí ẹ sì gùn ún fún ọjọ́ mélòó kan kí ẹ tó tún fọwọ́ kàn án. Orúnkún kì í fẹ́ ìyípadà òjijì.

Ibi tó ń dunni máa ń sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Bó bá jẹ́ ojú orúnkún ló ń dùn, ó ṣeé ṣe kí ìjókòó kúrú jù, tàbí kó sún mọ́ iwájú jù, tàbí kí jíà le. Bó bá jẹ́ ẹ̀yìn orúnkún, ìjókòó ga jù, ẹsẹ̀ ń nà ju bó ṣe yẹ lọ. Bó bá jẹ́ ẹ̀gbẹ́, ẹ wo bí ẹsẹ̀ ṣe kọjú lórí pẹ́dàlì. Ẹni tí ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ máa ń kọ síta bó bá ń rìn, kó má fipá kọ ọ́ sí iwájú lórí kẹ̀kẹ́. Kò sí èyí tí ṣéènì-wíìlì gbọọrọ lè tún ṣe nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Orúnkún tó bá wú, tó gbóná, tàbí tó ń há tí kò ṣeé nà, kì í ṣe ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ mọ́. Ẹ gbé e lọ sí UCH tàbí ọ̀dọ̀ físíò tó bá wà nítòsí.

Jíà ló kàn. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ eré tòkunbọ̀ tó ń wọlé, ilẹ̀ títẹ́jú ni wọ́n ṣe é fún: eyín 52 tàbí 53 níwájú, 39 nínú, eyín 25 ló sì tóbi jù lẹ́yìn. 39 sí 25 túmọ̀ sí pé bí ẹsẹ̀ bá yí lẹ́ẹ̀kan, táyà ẹ̀yìn á yí ju ẹ̀ẹ̀kan àbọ̀ lọ. Ẹni tó bá fẹ́ fi ìyẹn gun òkè Mápó, kó má bá ṣéènì-wíìlì jà. Ẹ ka iye ìgbà tí orúnkún ọ̀tún ń gòkè láàárín ìṣẹ́jú àáyá 15, kí ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po mẹ́rin. Lórí ilẹ̀ títẹ́jú, 80 sí 90 ló dára. Lórí òkè, bó bá ti ń lọ sísàlẹ̀ 60, tí ẹ sì ti wà lórí jíà tó fúyẹ́ jù, jíà yín ò tó fún òkè yẹn. Eyín 32 tàbí 34 lẹ́yìn máa ń tu orúnkún lára ju ohunkóhun tó bá rí gbọọrọ níwájú lọ, owó rẹ̀ sì lè dín. Ẹ kàn rí i pé derailleur ẹ̀yìn, ohun tó ń gbé ṣéènì láti orí jíà kan sí òmíràn, lè gbà á. Púpọ̀ nínú àwọn àtijọ́ tí apá wọn kúrú kì í fẹ́ kọjá 28.

Ohun kan wà tí àwọn ènìyàn kì í yẹ̀ wò: gígùn kíráǹkì. Ẹ wo ẹ̀yìn rẹ̀ níbi tí pẹ́dàlì ti wọlé, ẹ á rí 165, 170 tàbí 175. Ẹni kúkúrú tó ń lo 175, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa kan àyà lórí pẹ́dàlì òkè. Bó bá bọ́ sí 170, ẹsẹ̀ á wálẹ̀ ní mìlímítà márùn-ún lókè, ìjókòó náà á sì gòkè ní márùn-ún kí ìsàlẹ̀ lè wà bó ṣe wà, ìyẹn mẹ́wàá tí orúnkún ò ní í ká mọ́. Bí mo bá ní láti yan ọ̀kan fún ẹni tí kò ga, kíráǹkì kúkúrú ni mo máa kọ́kọ́ rà.

Bí gbogbo ìyẹn bá ti wà létò, ibi tí ojú gígùn ṣéènì-wíìlì kọ sí ló kù, òun ló sì gba làákàyè jù. Ẹ yí kíráǹkì ọ̀tún kó nà síwájú gbọọrọ, kó bá ilẹ̀ dọ́gba. Ṣéènì-wíìlì gbọ́dọ̀ dúró ṣánṣán lójú yín, kó ga ju bó ṣe fẹ̀ lọ, kí orí rẹ̀ sì fì díẹ̀ sẹ́yìn. Bí kíráǹkì bá nàró sókè, ṣéènì-wíìlì á dùbúlẹ̀. Bí ẹ bá rí òdìkejì rẹ̀, tí ṣéènì-wíìlì dùbúlẹ̀ nígbà tí kíráǹkì nà síwájú, ẹ ti dè é sódì, ẹ ń fi ìwúwo sí ibi tí orúnkún ti ká jù. Lórí àwọn olóbóòtù mẹ́rin, ìyẹn àwọn tí bóòtù mẹ́rin so mọ́ kíráǹkì, àṣìṣe yìí rọrùn gan-an, torí pé ihò kan ṣoṣo tí ẹ bá fò, ìwọ̀n igun 90 lẹ yí, ó sì di òdìkejì pátápátá. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ máa ń fi àmì kékeré kan sí i tó gbọ́dọ̀ wà lẹ́yìn apá kíráǹkì; ẹ wá a kí ẹ tó so ohunkóhun. Rotor, àwọn ará Spéènì tó ń ṣe ṣéènì-wíìlì gbọọrọ tí wọ́n ń pè ní Q-Rings, fún wa ní ihò púpọ̀ tí wọ́n kọ nọ́ḿbà sí. Nọ́ḿbà 3 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀.

Bí a bá ń gùn ún, ẹsẹ̀ fúnra rẹ̀ á sọ bóyá ó tọ́. Bí ìtẹ̀ bá le lójijì gẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ kọjá aago kan, ojú gígùn ń tètè dé, ojú orúnkún ló sì máa gbọ́ ọ. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀, lẹ́bàá aago márùn-ún, ló ti ń wúwo tí ẹsẹ̀ ń wọ́, ó ń pẹ́ dé. Àwọn tí kò ní ihò àtúntò, ẹ lè fi ìjókòó tún un ṣe díẹ̀: ẹni tó jókòó sẹ́yìn, ìtẹ̀ rẹ̀ máa ń bẹ̀rẹ̀ ṣáájú ti ẹni tó sún mọ́ iwájú.

Ìtàn kan wà nídìí ẹ̀rù tí ọ̀pọ̀ oníkẹ̀kẹ́ àgbà ní fún nǹkan yìí. Ní 1983, ilé-iṣẹ́ Shimano gbé Biopace, ṣéènì-wíìlì tiwọn tí kò rí kìrìbìtì, jáde, ó sì pọ̀ lórí kẹ̀kẹ́ ìgbà náà tó bẹ́ẹ̀ tí ẹ ṣì lè bá a lára tòkunbọ̀ tó pẹ́. Wọ́n máa ń tẹ orúkọ rẹ̀ sí i lára. Òdìkejì ti òní ni wọ́n ṣe é: ó kéré níbi ìtẹ̀, ó tóbi níbi tí kíráǹkì ti nàró, torí wọ́n rò pé eré tí ẹsẹ̀ ti ní lára á gbé e kọjá lókè. Àwọn kan fẹ́ràn rẹ̀ bí wọ́n bá ń rọra yí ẹsẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ ló pariwo pé ó ń ba orúnkún jẹ́, orúkọ burúkú yẹn sì lẹ̀ mọ́ gbogbo ohun tí kò rí kìrìbìtì. Bí ẹ bá ra kẹ̀kẹ́ tí òun wà lára rẹ̀, tí orúnkún sì ń yọ yín lẹ́nu, ẹ fi kìrìbìtì rọ́pò rẹ̀. Àwọn kan máa ń tú bóòtù márùn-ún rẹ̀, wọ́n á fò ó ní ihò kan kó lè dà bí ti òní. Ìwọ̀n igun 72 ni ihò kan, kò tó 90, àwọn ibi tí wọ́n gé fún ìpààrọ̀ jíà á sì ti kúrò ní àyè wọn. Mi ò gbà yín níyànjú.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ kọ́kọ́ wo bóyá ṣéènì-wíìlì yín ṣeé tú. Ọ̀pọ̀ kẹ̀kẹ́ olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ti kàn án pọ̀ mọ́ kíráǹkì, àfi kí ẹ pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Bó bá ní bóòtù, ohun tí ẹ ń wá ni ìbú òbìrí tó gba àárín gbogbo bóòtù kọjá: ẹ wọn láti àárín bóòtù kan dé àárín èyí tó tẹ̀ lé e. Fún olóbóòtù mẹ́rin, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 1.414, fún olóbóòtù márùn-ún, 1.701. Mìlímítà 73.5 lórí olóbóòtù mẹ́rin, 104 nìyẹn. 64.7 lórí olóbóòtù márùn-ún, 110 ni, 76.4, 130 ni. Nọ́ḿbà yẹn lẹ máa sọ fún ẹni tó fẹ́ bá yín rà á láti òkè òkun, torí ẹni tó bá sọ pé “ti kẹ̀kẹ́ òkè” lásán, ohun tí kò wọlé ni wọ́n máa gbé wá. Lórí Shimano tuntun olóbóòtù mẹ́rin tí àyè bóòtù rẹ̀ kò dọ́gba, ìṣirò yìí ò ṣiṣẹ́. Ẹ lo nọ́ḿbà tí wọ́n kọ sẹ́yìn kíráǹkì. Ní ti iye eyín, iye tí ẹ ń lò tẹ́lẹ̀ ni kí ẹ rà, àyàfi tó bá ti ń le fún yín tẹ́lẹ̀. Nígbà náà ẹ dín eyín méjì kù.

Èyí tó rọrùn jù láti so ni ṣéènì-wíìlì kan ṣoṣo níwájú, tí eyín rẹ̀ ń tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń nípọn, léraléra láti di ṣéènì mú. Allen key nọ́ḿbà 5 ló máa ń tú ọ̀pọ̀ bóòtù. Ẹ nu ojú ibi tó ń jókòó sí, ẹ fi girísì díẹ̀ sí ẹsẹ̀ bóòtù, kí ẹ wá dè wọ́n ní àgbélébùú, díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fi gbogbo agbára dè é bí bóòtù táyà mọ́tò. Alúmíníọ̀mù máa ń já. Ẹ yí kíráǹkì wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ẹ wo àlàfo láàárín etí tó gùn jù àti fírémù. Gbọọrọ eyín 34 ń fẹ́ àyè 36, mìlímítà méjì tàbí mẹ́ta ló yẹ kó ṣẹ́ kù, torí fírémù máa ń tẹ̀ díẹ̀ bí a bá dìde tẹ̀ ẹ́.

Ẹ wọn ṣéènì náà. Ìsopọ̀ odindi méjìlá tó jẹ́ tuntun, mìlímítà 304.8 ni. Bó bá ti tó 306 kọjá díẹ̀, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, kó má baà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ eyín tuntun. Eruku ọyẹ́ àti iyanrìn pupa ìlú wa ń tètè jẹ ṣéènì ju bí wọ́n ṣe ń kọ ọ́ sínú ìwé ìtọ́ni lọ, nítorí náà ẹ máa nù ún kí ẹ tó tún kán ọ́ìlì sí i. Bí ẹ bá rí i tí apá derailleur ẹ̀yìn ń fì síwá-sẹ́yìn lẹ́ẹ̀mejì nínú ìyípo kan, ẹ má jáyà. Bó ṣe rí nìyẹn.

Àwọn tó ní derailleur níwájú ló ní iṣẹ́. Ẹ gbé e sókè kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ga ju eyín tó ga jù lọ ní mìlímítà kan sí mẹ́ta, lẹ́yìn tí ẹ ti yí kíráǹkì títí ẹ fi rí ibi tó ga jù yẹn. Níbi tó ti rẹlẹ̀, àlàfo á fẹ̀ gan-an, ìpààrọ̀ jíà á lọ́ra, ṣéènì á sì máa wá ọ̀nà láti já bọ́ sínú. Ẹ dín agbára ẹsẹ̀ kù bí ẹ bá fẹ́ pààrọ̀, kí ẹ sì ti pààrọ̀ kí òkè tó bẹ̀rẹ̀. Osymetric tó gùn ju àwọn yòókù lọ le jù lórí èyí, mi ò rò pé ó yẹ fún ọ̀nà tí kòtò pọ̀ sí bíi tiwa.

Kẹ̀kẹ́ oníjíà kan náà lè lò ó bí gígùn rẹ̀ kò bá pọ̀ jù. Ṣéènì á máa le, á máa dẹ̀, bó ṣe ń yí. Ibi tó ti le jù ni kí ẹ ti wọn ìdẹ̀ rẹ̀: bí ẹ bá fi ìka tì í láàárín, kó lè lọ sókè-sódò ní bíi mìlímítà mẹ́wàá. Bí ẹ bá wọ̀n ọ́n níbi tó ti dẹ̀ jù, ó máa fún bẹ́ríǹgì pa.

Ní àkọ́kọ́, ẹsẹ̀ á dà bí ẹni ń tiro, pàápàá bí a bá ń yí i ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, tí ìdí á máa fò lórí ìjókòó. Ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì máa ń tó kí ara gbà á. Nínú àsìkò yẹn, ẹ gun ọ̀nà kúkúrú, bíi inú ọgbà UI tàbí Bódìjà, kí ẹ fi òkè gíga sílẹ̀. Lẹ́yìn ìgùn àkọ́kọ́, ẹ tún bóòtù dè. Bí orúnkún tí kò dùn tẹ́lẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í dùn, tí ẹ sì ti yẹ ibi tó kọ sí wò, tí ìjókòó wà bó ṣe yẹ, tí jíà fúyẹ́, tí ọ̀sẹ̀ kẹta sì ti kọjá, ẹ tú u, kí ẹ dá kìrìbìtì yín padà. Ẹ pa á mọ́ fún ẹlòmíràn, ó ṣeé ṣe kó bá tirẹ̀ mu.